Ìrẹsì Kọ́ Ni Oògùn Onígbáméjì: Ẹ Yéé Fi Àánú Ya Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tẹ́ ẹ fi Máídúgùrì ṣe ibùgbé, àti ẹ̀yin ará wa tó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Bauchi, Kàdúná àti Yola, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí le díẹ̀, ó dẹ̀ lè má dùn létí àwọn kan, ṣùgbọ́n kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é tí a ò ní sọ ọ́.

Òjò ti ń rọ̀. Ṣáláńgá ti ń kún. Gbogbo wa la mọ ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e. Onígbáméjì là ń pè é nílé, torí igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Àwọn Hausa tá a jọ ń gbé ń pè é ní *amai da gudawa*, èébì òun ìgbẹ́ gbuuru. Orúkọ méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìbéèrè wa rèé: bó bá dé lọ́dún yìí, kí la fẹ́ gbé dìde? Torí ẹ̀yin náà ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àrùn á bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ẹgbẹ́ á pe ìpàdé. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n á máa jiyàn lórí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ ó rí àpò ìrẹsì mẹ́wàá, páálí Indomie, àti báńà ńlá tí wọ́n ya ojú alága sí. Wọ́n á tò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp, àwọn èèyàn á sì máa kọ "Ọlọ́run á san án fún yín o" sábẹ́ ẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó máa kú ti kú, wọ́n ti sin ín. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àánú tó dé lẹ́yìn ìsìnkú, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí àìsàn yìí ṣe ń pani, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń pani kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó ń pa èèyàn nínú onígbáméjì ni pé omi ara ń tán. Ẹni tó bá mú gidi lè pàdánù omi tó tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ìgbẹ́ á máa jáde bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ojú á jìn, awọ ara á hunjọ, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà, ìtọ̀ á dá. Ẹni tó bá yín jẹun alẹ́ lè má rí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: bí wọ́n bá tètè dá omi àti iyọ̀ padà sí i lára, iye tó máa kú kò yẹ kó tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò dẹ̀ ní nílò abẹ́rẹ́ kankan. Wọ́n á mu ún lẹ́nu ni.

Ó dáa, ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021. Lọ́dún yẹn, àjọ NCDC ka èèyàn 111,062 tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà. Àwọn tó kú nínú wọn jẹ́ 3,604. Bauchi, Jigawa, Kánò àti Zamfara ló jẹ ju ìlàjì lọ nínú iye àwọn tó mú. Ẹ fọwọ́ ṣírò ẹ̀: ó ju ẹni mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kú bó ṣe yẹ, nǹkan bí 2,500 èèyàn ni ì bá wà láyé lónìí. Kì í ṣe oògùn ńlá kan tí kò sí ní Nàìjíríà ló pa àwọn 2,500 yẹn. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí kò dé ẹnu wọn lásìkò ló pa wọ́n.

Àwọn kan á sọ pé Nàìjíríà ni, kò lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Ìlú tá a wà yìí gan-an ló máa jẹ́rìí. Ní oṣù kẹjọ 2017, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní káńpù Muna Garage. Ogun wà nílẹ̀, èèyàn kún káńpù fọ́fọ́, omi ò tó, òjò ń rọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún máa kú nígbà yẹn, kò jẹ̀bi. Ó mú ju 5,000 èèyàn lọ. Ẹni 61 ló kú. Ẹ̀mí 61 kì í ṣe nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ẹni kan àti díẹ̀ ni nínú ọgọ́rùn-ún, ó dẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti 2021 jákèjádò Nàìjíríà. Kí ló fà á? Wọ́n gbé tábìlì ORS sínú káńpù, wọ́n ń da kílórínì sínú garawa omi kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, wọ́n ń wọ ilé dé ilé láti wá ẹni tó ń ṣu, wọ́n sì fún nǹkan bí 900,000 èèyàn ní àjẹsára lẹ́nu. Iṣẹ́ tó tètè bẹ̀rẹ̀, tó sì mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Àrùn àwọn ará káńpù ni. Kí ló kàn wá? Owó ẹgbẹ́ Yorùbá, ọmọ Yorùbá ni ká fi ṣètọ́jú." Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ bá jà jù lónìí.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ rántí ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024. Dáàmù Alau ya, omi wọ ìlú. Ṣé omi yẹn béèrè ta ni ọmọ Kanuri, ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú? Ó wọ Gwange, ó wọ Monday Market, ó wọ títì tí wọ́n ń pè ní Lagos Street. Ó wọ ọsibítù ìjọba, ó wọ ọsibítù yunifásítì. Ó lé ní 400,000 èèyàn tó sá kúrò nílé. Ṣáláńgá àti kànga di nǹkan kan náà. Kó tó pé oṣù kan, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti kéde pé onígbáméjì ti dé. Ta ló wá ń sọ pé àrùn àwọn ará káńpù ni?

Èkejì, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 kan náà, kí dáàmù tó ya, Èkó ló ń ka òkú onígbáméjì. Lagos Island àti Etí-Ọ̀sà wà lára ibi tó ti le jù. Etí-Ọ̀sà tí Lekki àti Ìkòyí wà nínú ẹ̀. Ṣé káńpù ni wọ́n ń gbé níbẹ̀? Ẹni tó bá ń sọ pé ìdọ̀tí àwọn Hausa ló ń fà á, kó kọ́kọ́ tẹ àwọn èèyàn ẹ̀ láago nílé. Ibi tí ìgbẹ́ bá ti ráàyè wọnú omi mímu ni àrùn yìí ń gbé. Kò mọ ẹ̀yà.

Ẹ̀kẹta ló wá ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò náà wọ̀ lára ni kò ní ṣàìsàn rárá, tàbí kó ṣu lẹ́ẹ̀mejì kó tán. Ṣùgbọ́n ó lè máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ kan títí dé ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ wá wò ó: mai ruwa tó ń gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà yín, bọhóòlù kan náà ló ti ń pọn fún gbogbo àdúgbò. Ọmọ tó ń bá yín fọ abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, nínú àgbàlá tí ogún èèyàn ti ń lo ṣáláńgá kan ló ń sùn. Bí ẹ bá fún ọmọ Yorùbá nìkan ní ọṣẹ àti kílórínì, tí ẹ fo ilé tó tẹ̀ lé e, ẹ ti da owó yín nù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìlú tí a bá ń gbé là ń ṣe. Àwọn bàbá wa tó wá síbí ṣòwò mọ èyí, wọn ò sì gbé orí owó kú.

Àwọn míì á ní, "Ìjọba ńkọ́? Àwọn NGO ńkọ́? Ṣebí iṣẹ́ wọn ni." Iṣẹ́ wọn ni lóòótọ́, a ò sì ní gbé e kúrò lọ́rùn wọn. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n agogo méjì òru tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí kẹ̀kẹ́ kò rìn mọ́, tí ẹ̀rù ojú ọ̀nà ń ba gbogbo èèyàn, ta ló wà nítòsí? Aládùúgbò ni. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ aládùúgbò ló wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn tó ń sá fún ogun kún ìlú Bangaon lẹ́nu ibodè India. Onígbáméjì bẹ́ láàárín wọn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis wà níbẹ̀, omi dírípù ti fẹ́ tán, nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún, bí ọgbọ̀n ló ń kú. Ó po iyọ̀, súgà glúkósì àti sódà sínú omi, ó rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ní kí ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àwọn aláìsàn máa bù ú, kí wọ́n máa fún èèyàn wọn mu. Àwọn ẹbí ló ṣe nọ́ọ̀sì. Láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́dọ̀ ẹ̀, iye tó ń kú já wá sísàlẹ̀ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yí i padà nìyẹn: iyọ̀, súgà, omi tó mọ́, àti aráàlú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́. Èwo nínú ẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa kò lágbára ẹ̀?

Nítorí náà, kí ni ìrànlọ́wọ́ gidi?

Ìkíní, ORS. Ìdì kan sínú omi lítà kan. Píọ̀ wọ́tà 50cl méjì jẹ́ lítà kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọmọ Yorùbá ní ìdì bíi mẹ́wàá nílẹ̀ kí òjò tó le, kí wọ́n sì fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, Kanuri o, Shuwa o, Igbo o. Bí kò bá sí ìdì, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú omi mímọ́ lítà kan, kí ṣíbí náà má ṣe ga lójú. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀ jù o. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, bó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ò gbọdọ̀ yéé mu ọmú. Gbogbo èyí, lójú ọ̀nà ọsibítù ni o, kì í ṣe dípò ọsibítù.

Ìkejì, ọ̀nà dé ibi ìtọ́jú. Ẹni tó ti rẹ̀ débi tí kò lè mu nǹkan mọ́, dírípù nìkan ló kù. Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 nílò lítà mẹ́fà láàárín wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀ ń gbọ́ bí? Lítà mẹ́fà. Kẹ́míìsì ojú pópó tó bá gbé báàgì kan kọ́ síṣòó, tó gba owó, tó ní kó máa lọ sùn, ó ń pa á ni. Flagyl kì í ṣe oògùn onígbáméjì, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró sì léwu fún un. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ bá ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣe àdéhùn láàárín àdúgbò, kí owó wọn wà nílẹ̀ ṣáájú, kí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ gbogbo ilé, kí wọ́n ní ike kílórínì tí wọ́n á fi fọ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé aláìsàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú torí owó kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká má tijú sọ ọ́.

Ìkẹta, omi. Kí ọ̀dọ́ kan dúró síbi bọhóòlù láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó máa da kílórínì tí wọ́n ti wọ̀n sínú garawa kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu ún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera á kọ́ ọ ní ìwọ̀n ẹ̀, kò gbọdọ̀ fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fún ọ̀dọ́ yẹn lówó oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀. Owó báńà kan péré lè gbé e dé ibì kan.

Ẹ̀yin màmá olóúnjẹ, ẹ̀yin alákàrà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta kunu àti zobo, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Omi tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ yí i padà. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Kọsítọ́mà tó bá kú kì í padà wá rà.

Àwọn tó ń sá pamọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi aláìsàn pamọ́, torí ìtìjú, tàbí torí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá wọ àgọ́ onígbáméjì kì í jáde. Ẹ má bínú sí wọn. Àwọn èèyàn níhà Àríwá ní ohun tí wọ́n rántí. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn, èèyí àti onígbáméjì kọ lu Kánò pọ̀, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀, ó sì di 2009 kí òun àti ìjọba Kánò tó yanjú ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá rántí ìyẹn, báńà yín kò ní tù ú nínú. Àní aláàánú fúnra ẹ̀ lè gbé àrùn wá. Ní Haiti ní 2010, ìgbẹ́ tó ti àgọ́ àwọn ṣọ́jà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jáde wọ odò ló gbé onígbáméjì wọ orílẹ̀-èdè náà, ó sì pa nǹkan bí 10,000 èèyàn. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀gá àgbà àjọ náà tó tọrọ àforíjì. Nítorí náà, kí wọ́n má fi agbára wọ àdúgbò ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n bá bulama sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá ímáàmù sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá Ọba Yorùbá sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìyá wa tó gbọ́ Hausa àti Kanuri bí omi ṣáájú wọn. Obìnrin tó ti ń ta èlùbọ́ àti ata fún àdúgbò kan fún ogún ọdún, tó ń fún wọn láwìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á wọlé ju ti ẹni tó wọ fẹ́ẹ̀sì lọ. Ohun tá a ní nìyẹn tí àwọn NGO ò ní, owó ò sì lè rà á.

Ó wá kan ìjọba àti àwọn àjọ ńlá. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ o. Ìlànà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ kó rí omi lítà 15 lójúmọ́, pé ṣáláńgá kan kò yẹ kó ju ogún èèyàn lọ. Ẹ jáde nínú ọkọ̀ funfun yín, ẹ lọ kà á. Àjẹsára dáa, a kì í bá a jà, ẹni tí wọ́n bá fún kó gbà á. Ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n láyé débi pé láti 2022, ìwọ̀n kan ni wọ́n ń fúnni dípò méjì nígbà tí àrùn bá bẹ́. Kò lè ṣiṣẹ́ dípò omi. Ìkéde náà ò gbọdọ̀ pẹ́. Ìjọba tó bá ń bo iye òkú mọ́lẹ̀ torí kí wọ́n má bàa sọ pé kò ṣiṣẹ́, ó ń fi òkú kún òkú. Bó bá dẹ̀ jẹ́ pé ọdọọdún la ó máa gbé ORS kiri, tí pọ́ọ̀pù omi ò ní dé Gwange àti Bulabulin láé, a jẹ́ pé iná là ń pa, tí a ò gba ìṣáná lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a.

Ẹnì kan á ní, "Ṣé kí ebi máa pa wọ́n ni, tẹ́ ẹ̀ ń bú ìrẹsì?" Rárá o. Ebi wà, a rí i. Ìrẹsì ní ọjọ́ tiẹ̀, lẹ́yìn tí èèyàn bá yè. Ẹni tó ń bì kò lè jẹ ìrẹsì, ẹni tó bá sì fi omi ẹlẹ́gbin sè é ti gbé àrùn pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ìtò la ń sọ: omi kọ́kọ́, ORS, kẹ̀kẹ́, ọṣẹ, kí oúnjẹ tó tẹ̀lé e.

Gbogbo ọdún, owó àríyá òpin ọdún máa ń pé. Aṣọ ẹbí máa ń pé. Owó olórin máa ń pé, wọ́n á tún ná dọ́là lé e lórí. Ọ̀rọ̀ onígbáméjì nìkan ni "nǹkan ò rọgbọ" máa ń wọ̀. A ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ Yorùbá nílùú yìí, ti ìlú kọ̀ọ̀kan, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí: ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àríyá ọdún yìí, ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí kí òjò tó le, kó má jẹ́ ìgbà tí òkú bá ti sùn. Ẹ yan ènìyàn méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ ìlera á kọ́. Kí wọ́n má ya fọ́tò aláìsàn kankan. Ẹni tó ń ṣu sára níwájú ọmọ ẹ̀ kò fẹ́ kí ayé rí òun.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́ ni a máa ń wí. Níbi onígbáméjì, bí omi bá ti dànù tán, agbè náà á fọ́. Ẹ jẹ́ ká tètè bu omi sí i.

Ẹ bá wa tan ọ̀rọ̀ yìí dé gbogbo gúrúùpù tẹ́ ẹ bá wà. Ẹni tí inú ẹ̀ ò bá dùn sí i, kó kọ èsì sísàlẹ̀, a ó fèsì. Ẹni tó bá sì ti ra ìdì ORS sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kó kọ orúkọ àdúgbò ẹ̀ síbẹ̀, kí aládùúgbò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n á kàn lóru. Ire o.